OÚNJẸ Ọ̀WỌ̀: OHUN TÍ A Ń SÈ LÁTI FI BỌLÁ FÚN OLÙKỌ́, NÍ ÌBÀDÀN ÀTI NÍ ÍŃDÍÀ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí yóò kan olúkúlùkù wa kí ọdún kìíní iṣẹ́ wa tó pé. Òun ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí àwọn òbí àti ọmọ ilé-ìwé ń gbé fún olùkọ́. Àwọn kan láàrin wa sọ pé kò yẹ kí olùkọ́ gbà á rárá, nítorí pé ó ní owó oṣù, àti pé ẹni tí ó bá ti jẹ oúnjẹ òbí kò ní lè fi òdo fún ọmọ náà bí ó bá tọ́ sí òdo. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ Yorùbá ti kọ ẹni tí ó sè é, àti pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ di àjèjì ní àdúgbò tí ó ń kọ́ ọmọ wọn.

Ìhà méjèèjì ni ó ní òtítọ́ nínú. Kí a má bàa máa fi ẹnu lásán jiyàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ń ṣe é: ohun tí wọ́n ń sè, bí wọ́n ti ń sè é, àti ẹni tí ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a óò wá mọ èyí tí ó yẹ kí àwa dì mú.

I. ILÉ KÉWÚ NÍ ÌSÀLẸ̀ ÒSÌ

Ìsàlẹ̀ Òsì wà láàrin Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí agbo ilé fi ẹ̀yìn ti agbo ilé, tí òrùlé páànù sì ti pọ́n bí erùpẹ̀ nítorí ìpẹtà. Ọjàaba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà ni ó yí i ká. Gbọ̀ngán Màpó, tí a ṣí ní 1929, dúró lórí òkè rẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ́ gbogbo ìlú. Ní irú àdúgbò báyìí, ilé kéwú kò dúró de ọgbà tàbí agogo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ẹní díẹ̀, Ààfáà kan, àti wàláà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé-ẹ̀kọ́ ti dé nìyẹn.

Wàláà ni pákó pẹlẹbẹ tí a ń fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí. Bí ọmọ bá ti mọ ohun tí a kọ sára rẹ̀ dájú, a óò fọ̀ ọ́, a óò sì kọ òmíràn. Omi tí a fi fọ wàláà ni à ń pè ní hàntú, àwọn ènìyàn a sì máa mu ún fún ìbùkún àti ìwòsàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a níwájú: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọmọ ilé kéwú ti mọ̀ pé ìmọ̀ jẹ́ ohun tí a lè gbé mì.

Súrà 114 ni ó wà nínú Kùránì. Láti ọ̀dọ̀ àwọn kúkúrú tí ó wà ní ìparí ìwé ni ọmọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn gígùn tí ó wà níwájú. Láyé àtijọ́, Ààfáà kò ní owó oṣù lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú ni àwọn ọmọ máa ń mú owó kékeré wá fún un, kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀. Yàtọ̀ sí owó Ọjọ́rú yìí, oúnjẹ ni ó ń sàmì sí ìtẹ̀síwájú ọmọ. Bí ọmọ bá dé súrà kan tí àwọn àgbà kà sí òkè tí ó tó sinmi lé, bí àpẹẹrẹ Súrà Al-Fil, tí í ṣe ìkarùnlélọ́gọ́rùn-ún, òbí rẹ̀ a ṣe sàárà. Bí ó bá wá ka Kùránì parí, wòlímọ̀ ni ó kù. Ní Ìbàdàn, wòlímọ̀ àti ìgbéyàwó a sì máa bọ́ sí àkókò kan náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin: ẹni tí ń lọ sí ilé ọkọ a jókòó níwájú Ààfáà rẹ̀, a ka kéwú sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí, kí ó tó dìde lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí bí a ti ń pín oúnjẹ sàárà náà. Ààfáà ni a kọ́kọ́ gbé e síwájú rẹ̀. Yóò gba àdúrà fún ọmọ náà àti fún àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò bu tirẹ̀ fún un, a óò bu fún àwọn ọmọ kéwú ẹlẹgbẹ́, fún àwọn àgbà agbo ilé, fún aládùúgbò, àti fún ẹni tí ń kọjá lọ. Àwọn tí ó jẹ níbẹ̀ a sọ fún ìyá ọmọ pé, “Ẹ kú ìnáwó o,” òun náà a sì dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, a ò ní fi àbámọ̀ ná an.” Bí a bá fojú inú wò ó, Ààfáà ni a fi oúnjẹ náà bọlá fún, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó kan ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn awo láti ìgbà láéláé. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá a máa bá Olúwo rẹ̀ gbé fún ọdún púpọ̀. A bá a lọ sí oko, a bá a já ewé, a bá a ru àpò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún iṣu tuntun bá dé, níwájú Ifá ni iṣu náà yóò ti kọ́kọ́ dé kí àwọn ènìyàn tó jẹ ẹ́, àwọn tí a kọ́ àti àwọn tí ń kọ́ni a sì jọ jókòó ti iyán kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ó kọ́ Ìbàdàn pé kí a fi oúnjẹ bọ̀wọ̀ fún olùkọ́.

II. BÍ A TI Ń SÈ É

Oúnjẹ sàárà pọ̀ ní oríṣiríṣi, láti orí ìrẹsì àti ẹran dé orí àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú tí a mọ Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tí tálákà àti ọlọ́rọ̀ sì lè sè: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Nítorí pé àwa yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé, ó yẹ kí a mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ owó.

(a) Ẹ̀wà bíbó. Iṣẹ́ tí ó ń kó agbo ilé jọ nìyí. A óò ṣa ẹ̀wà, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi, èèpo rẹ̀ a rọ̀ mọ́ ọn, bíbó rẹ̀ a sì ṣòro. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ọwọ́ méjèèjì ra á, a óò da omi sí i, èèpo a léfòó, a óò sì dà á nù. A óò ṣe èyí léraléra títí ẹ̀wà yóò fi funfun. Nígbà tí ẹ̀wà bá pọ̀ fún sàárà, ọwọ́ ẹnìkan kò ká a. Ìyálé, ìyàwó àti àwọn ọmọ ilé ni yóò jókòó yí ọpọ́n ká lálẹ́, wọ́n a sì máa bó o bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a ń ṣe sàárà nítorí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn kí ẹ̀wà tó tán. Òun gan-an ni yóò pọn omi.

(b) Ọ̀lẹ̀lẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní mọ́ín-mọ́ín. A óò lọ ẹ̀wà tí a ti bó pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, yálà lórí ọlọ tàbí nínú ẹ̀rọ, títí yóò fi kúnná. A óò fi epo, iyọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó, kí ó ṣàn díẹ̀. A óò ká ewé eéran bí ìwo, a óò da ẹ̀wà sínú rẹ̀, a óò sì ṣẹ́ ìdí ewé náà kí ó má bàa jò. Igi ewé ni a ń tò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó wá to ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé e lórí. Ooru omi ni yóò sè é, kì í ṣe omi fúnra rẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ó ti jinná, bí iná bá dára.

(d) Àkàrà. Ẹ̀wà kan náà ni, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Ohun tí ó ń mú àkàrà wú ni afẹ́fẹ́. Nítorí náà a gbọdọ̀ po ẹ̀wà lílọ̀ náà kíkankíkan títí yóò fi fúyẹ́. Àwọn alákàrà wa kì í fi iyọ̀ sí i títí yóò fi ku díẹ̀ kí wọ́n dín in, nítorí wọ́n ní iyọ̀ a máa mú kí ó dẹ̀. Epo gbọdọ̀ gbóná kí a tó máa dá a sí i. Bí epo bá tutù, àkàrà a mu ún, a sì wúwo.

(e) Ẹ̀kọ. A óò rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a óò lọ̀ ọ́, a óò fi aṣọ sẹ́ ẹ, ògì a sì tòrò sí ìsàlẹ̀. Nínú rírẹ̀ yìí ni àwọn ẹ̀dá wíwẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, ti ń sọ ọ́ di kíkan. Òun ni ó fún ògì ní adùn rẹ̀. A óò po ògì sórí iná, a óò máa rò ó láìsinmi títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán, a óò sì pọ́n ọn sínú ewé kí ó dì.

Kí nìdí tí ẹ̀kọ fi ń bá àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ rìn? Àwọn ìyá wa kò ka ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ti fi hàn pé àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Nínú ohun tí ń mú ara dàgbà, èyí tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo wà nínú ẹ̀wà, èyí tí ó sì dín nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo. Ọmọ tí ó bá jẹ àwọn méjèèjì pọ̀ ti jẹ oúnjẹ gidi, bí ẹran kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

III. ÀWỌN HÍŃDÙ NÍ ÍŃDÍÀ

Bí a bá rò pé Yorùbá nìkan ni ó ń ṣe báyìí, a ṣì í. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà ní ọjọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùkọ́. Guru Purnima ni wọ́n ń pè é: guru ni olùkọ́, purnima sì ni ọjọ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ ní kíkún. Ó máa ń bọ́ sí oṣù June tàbí July. Wọ́n fi ń rántí Vyasa, ẹni tí ìtàn wọn sọ pé òun ni ó to àwọn ìwé Veda lẹ́sẹẹsẹ. Ní ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ a lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, èso àti oúnjẹ dídùn.

Lára oúnjẹ tí wọ́n ń sè fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kheer, èyí tí í ṣe ìrẹsì tí a sè pẹ́ nínú wàrà tútù pẹ̀lú ṣúgà títí ó fi ki. Òmíràn ni halwa: àlìkámà tí a lọ̀ ní wóróbo ni a ń yan nínú bọ́tà yíyọ́, tí a wá fi omi àti ṣúgà rò bí ẹní ń ro ọkà. Ẹni tí ń sè é kì í tọ́ ọ wò, bó ti wù kí ó wù ú tó, nítorí pé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ sè é ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbà á. Ìyá Ìbàdàn tí kì í gbé ọbẹ̀ sọ kalẹ̀ láìtọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò yóò rò pé ewu ńlá ni èyí! Nígbà tí a bá ti fi oúnjẹ náà rúbọ tán, orúkọ rẹ̀ a yí padà, a di prasad. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni a ó sì pín in fún, ọmọdé àti àgbà.

Ní gúúsù Íńdíà, oúnjẹ ọdún mìíràn wà tí à ń pè ní vada. Ẹ̀wà dúdú kékeré kan tí wọ́n ti bó ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń pò kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú òróró gbígbóná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá ihò sí àárín rẹ̀. Bí alákàrà Bẹẹrẹ bá rí i, kò sí ohun tí yóò bèèrè ju pé, “Ta ni ó lu àkàrà mi ní ihò?” Wọ́n ní idli pẹ̀lú, tí a fi ìrẹsì àti ẹ̀wà kan náà ṣe, wọ́n a jẹ́ kí ó kan mọ́júmọ́, ooru omi ni wọ́n sì fi ń sè é bí a ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù kò sí nínú ìkòkò. Ní oṣù September tàbí October, àwọn Híńdù a máa ṣe ọdún tí ó gba òru mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó bá ń parí lọ, àwọn ará gúúsù a kó ìwé wọn síwájú Sarasvati, abo-òrìṣà ìmọ̀, wọn kì í sì í ṣí wọn ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ní ilẹ̀ Kerala, a óò gbé ọmọ kékeré lé ẹsẹ̀ àgbà. A óò tẹ́ ìrẹsì sínú àwo. Àgbà yóò di ìka ọmọ náà mú, yóò sì fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sínú ìrẹsì. Ẹ rántí hàntú Ìsàlẹ̀ Òsì. Níhìn-ín, ọmọ a mu omi tí a fi fọ lẹ́tà. Lọ́hùn-ún, ọmọ a kọ lẹ́tà sára oúnjẹ. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: pé ẹ̀kọ́ ń bọ́ni.

Lóde òní, ìjọba Íńdíà náà ní ọjọ́ àwọn olùkọ́ tirẹ̀, 5 September, láti 1962. Ọjọ́ ìbí Sarvepalli Radhakrishnan ni, olùkọ́ àti amòye tí ó di ààrẹ ilẹ̀ náà ní ọdún yẹn. Ní ti gbogbo àgbáyé, 5 October ni Ọjọ́ Olùkọ́, láti 1994.

IV. ILÉ-ÌWÉ TI ÀWỌN MÍṢỌ́NNÁRÌ

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn láti máa gbé ní 1853, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Kúdẹtì, olùkọ́ ni ó ń bọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì di dandan kí wọ́n máa ta ohun èlò ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ rà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé olùkọ́ tí ìlú kò bá bọ́ kò lè pẹ́ ní ìlú, ibi yòówù kí owó oṣù rẹ̀ ti máa wá.

Ní òkè Elékùrọ́, àwọn Wẹ́sílì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ ní 1905. Ní Elékùrọ́ kan náà ni Sheikh Murtadha Abdus-Salam dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958. Ìwé tí wọ́n ń kà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni ó ń tà ẹ̀wà fún wọn.

Láàrin ọdún méjèèjì yìí ni ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí kì bá tí rí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ni ó wọlé. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àyípadà kan bá a wá tí àwa olùkọ́ gbọdọ̀ mọ̀: láti ìgbà náà, oúnjẹ òbí kò lè jẹ́ owó iṣẹ́ mọ́, nítorí a ti san owó iṣẹ́ níbòmíràn. Ohun tí ó kù tí oúnjẹ lè jẹ́ ni ọ̀wọ̀. Bí kò bá sì jẹ́ ọ̀wọ̀, nǹkan mìíràn ni, orúkọ nǹkan náà kò sì dára.

V. IBI TÍ EWU WÀ

Ewu méjì ni a rí. Èkínní ni pé kí ọ̀wọ̀ di ẹrù. A mọ̀ ní Ìbàdàn bí wòlímọ̀ ti di ìnáwó aṣọ ẹgbẹ́, àgọ́ àti ìlù. Àwọn òbí a sì yá owó nítorí rẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ kéwú tán lè dúró fún ọdún púpọ̀ nítorí pé owó ayẹyẹ kò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rí ní ilé-ìwé wa nígbà tí olùkọ́ bá kọ iye owó sí ojú pátákó ní ìparí táàmù pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú un wá fún àríyá. Ọmọ tí kò rí i mú wá a sá ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí ó kó àwọn ọmọ jọ ni ó wá lé ọ̀kan nínú wọn jáde.

Èkejì ni pé kí ọ̀wọ̀ di àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ tí ó dé lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ń dúpẹ́. Èyí tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ń bẹ̀bẹ̀. Àwo lè jẹ́ ọ̀kan náà, ọbẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àkókò ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tí ó wí pé kí olùkọ́ má gba ohunkóhun rí ewu wọ̀nyí, wọn kò sì ṣì í rí. Ohun tí wọn kò rí ni ẹni tí ó ń pín in. Ààfáà kò dá sàárà jẹ. Guru kò kó prasad pamọ́. Níbi méjèèjì, olùkọ́ ni ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ gbà wọ àárín ìlú. Ìyá tí kò ní ohun kan láti fi hàn fún aládùúgbò rẹ̀ ju ọpọ́n àkàrà kan lọ ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun mọ nǹkan, àwọn tí ó sì jẹ nínú rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá fẹ́ sá fún ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n tí ó jẹ àkàrà rẹ̀ ni yóò dá a padà lójú ọ̀nà. Òfin wa, nítorí náà, kò pọ̀: oúnjẹ tí olùkọ́ dá jẹ, owó iṣẹ́ ni, oúnjẹ tí olùkọ́ pín, ọ̀wọ̀ ni.

VI. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWA ṢE

Nígbà tí a bá dé ilé-ìwé tí a óò ti ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí wọn gbogbo oúnjẹ tí a bá gbé wá fún wa:

1. Ǹjẹ́ ẹni tí ó tálákà jù nínú kíláàsì lè ṣe irú rẹ̀ láìyá owó?
2. Ǹjẹ́ ó dé lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí ó ṣáájú ìdánwò?
3. Ǹjẹ́ a lè pín in ní gbangba?

Bí ìdáhùn bá dára, kí a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí a dúpẹ́, kí a sì pín in. Bí kò bá dára, kí a kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún òbí náà níkọ̀kọ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jẹ oúnjẹ ọdún ẹlòmíràn, kí òun náà dúpẹ́ kí ó tó yẹra. A lè yẹra fún oúnjẹ láìtàbùkù sí ẹni tí ó sè é.

Àti pé dípò gbígba owó àríyá ní 5 October, a dámọ̀ràn pé kí kíláàsì kan se oúnjẹ ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. A to ètò rẹ̀ báyìí fún kíláàsì karùn-ún:

Ọjọ́ kìíní: Kí àwọn ọmọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà wọn ohun tí wọ́n fi ń bọlá fún olùkọ́ nígbà èwe wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ kejì: Ìṣirò. Bí kóńgò ẹ̀wà kan bá pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ 30, kóńgò mélòó ni yóò tó ọmọ 45 bí olúkúlùkù yóò bá jẹ méjì?

Ọjọ́ kẹta: Kí àwọn ọmọ bó ẹ̀wà, kí wọ́n sì ṣa ewé, ọkùnrin àti obìnrin. Kí olùkọ́ ṣàlàyé ìdí tí èèpo fi ń léfòó, àti ìdí tí ooru omi fi lè se oúnjẹ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni kí a yàn, kì í ṣe àkàrà, nítorí pé epo gbígbóná kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń sún mọ́. Àgbà ni kí ó gbé ìkòkò ka iná, àgbà náà ni kí ó sọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin: Pínpín. Kí a kọ́kọ́ gbé e fún olùkọ́ tí ó dàgbà jù, lẹ́yìn náà fún ẹni tí ń gbá ọgbà ilé-ìwé, nítorí òun pẹ̀lú ń kọ́ni ní ìmọ́tótó, lẹ́yìn náà fún àwọn ọmọ. Kí olùkọ́ kíláàsì jẹ kẹ́yìn.

Bí a bá ṣe é báyìí, kò sí ọmọ tí yóò sá ní ọjọ́ náà, nítorí ọwọ́ ni gbogbo wọn mú wá, ọwọ́ ọmọ tálákà sì mọ ẹ̀wà bó bí ti ọmọ ọlọ́rọ̀. Ọmọ tí ó bá ti bó ẹ̀wà fún olùkọ́ rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́ fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin owó Ọjọ́rú àti oúnjẹ sàárà ní ilé kéwú?
2. Dárúkọ ohun méjì tí àkàrà fi jọ vada, àti ọ̀kan tí wọ́n fi yàtọ̀.
3. Kí nìdí tí ẹni tí ń se oúnjẹ ìrúbọ Híńdù kì í fi í tọ́ ọ wò? Ǹjẹ́ a ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú rẹ?
4. Òbí kan gbé adìyẹ wá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò. Kí ni ìwọ yóò sọ fún un, irú èdè wo ni ìwọ yóò sì fi sọ ọ́?
5. Ṣé òtítọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 yí ìtumọ̀ ẹ̀bùn olùkọ́ padà? Sọ ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.